Ojú Wo Ni Ọmọ Yín Fi Ń Wo Ìbọn?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, inú ilé mi ló ti jáde. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kí n tó kọ ọ́, wọ́n sì ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ wá yóò mọ̀ wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ wá, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni kó mú.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ọdẹ ni. Ó ti lọ bá àwọn bàbá wa. Lẹ́yìn tá a ṣe ìpà ọdẹ fún un tán, ìbọn ẹlẹ́nu kan tó fi ń ṣọdẹ bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kó tó fọwọ́ kàn án, nítorí ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Ọmọ ọdẹ tó mọ igbó ni, ó mọ ipa ẹran, ó mọ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n tàkúté àti ajá ló ń lò nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé. Ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ó wá di pé ìbọn ń dún, ẹran ń lọ. Ọ̀yà á dìde níwájú rẹ̀, á yìnbọn, ọ̀yà á wọ inú eèsún. Ẹtu á dúró, á máa wò ó, á yìnbọn, ẹtu á fò lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹran bá súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ó ń bà á. Bó bá ti jìnnà díẹ̀, ó ti tán. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọ̀yà méjì péré ló gbé wálé, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta katiríìjì kan lóde òní. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní òun ni ọdẹ tó ń kí ẹran nílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ilé ọdẹ wá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. A ní ìgbàgbọ́ kan nílé ọdẹ pé bí aya ọdẹ bá ń rìn ìrìn tí kò tọ́, ọkọ rẹ̀ ni yóò rí i nínú igbó. Ìyá ọmọ náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó ti lóyún ni ìbọn ti bàjẹ́, ó ní oyún náà ń kọ òun lóminú. Oyún oṣù márùn-ún ni nígbà náà. Ìyàwó yìí, aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù létí títì, tọkùnrin tobìnrin ló ń wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó fún ẹni tó ń wá ohun tí yóò wí. Wọ́n ní kó wá fi irin búra níwájú Ògún.

Wọ́n kó ọ̀rọ̀ náà wá bá mi. Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀, Ìwòrì Méjì ló yọ. Ẹ̀yin Awo mọ̀ pé Odù náà ní ọ̀rọ̀ ojú nínú, ó ní ọ̀rọ̀ kí á tẹjú mọ́ ènìyàn, kí á wò ó dáadáa. Mo ka ẹbọ, a rú u. Mo rò pé mo ti ṣe tèmi. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ náà tún yìnbọn sí ẹtu, kò bà á. Nígbà tí wọ́n padà wá, tí wọ́n ní kí n dá ọjọ́ ìbúra, n ò kọ̀ fún wọn. Mo ní ọjọ́ Ògún tó ń bọ̀. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi dá ọjọ́ náà. N ò ní pa á mọ́ fún yín.

Ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyàwó ọmọ wa nìkan wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún. Ó ní, “Bàbá, mi ò kọ̀ láti búra. Ògún mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fi irin kàn mí lẹ́nu, ẹ bá mi wo ojú ọkọ mi.”

Mo ní, “Kí ló ṣe é lójú?”

Ó ní, “Kò ṣe é ní nǹkan kan. Aránṣọ ni mí, mo mọ ojú tí oníkálukú fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Bí mo bá ní kó bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ojú ọ̀tún ló máa ń dì, òsì ló fi ń wò ó. Bó bá nu ìbọn tán tó fẹ́ yọjú wo inú ọ̀pá rẹ̀, ojú òsì ni. Ṣùgbọ́n èjìká ọ̀tún ló ń gbé ìbọn lé. Bàbá, ṣé ojú òsì lè mọ ohun tí èjìká ọ̀tún ń ṣe?”

Mo wà níbẹ̀ tí n ò lè fèsì. Ifá ní kí á wo ènìyàn dáadáa, èmi ń wo ìta. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi búra ló wo ọkọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí ọmọ náà gbé ìbọn, ká lọ sí oko mi tó wà lẹ́yìn odò, níbi tí ènìyàn kì í gbà, tí òkè sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo mú ẹní àtijọ́ mẹ́ta dání. A so wọ́n mọ́ra láàrin igi méjì bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo fi ẹfun ṣe òbìrí kan sáàárín ẹní àárín. Mo ní kó ka ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, nǹkan bíi mítà 22, kó sì yìnbọn sí ẹfun. Ẹ rí i, inú igbó ló ti ń tàsé láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọta ń gbà. Ẹní yóò sọ fún wa.

Ó yìnbọn àkọ́kọ́. Ẹní àárín kò ní ojú kan. Ẹní apá òsì ló lu. Ó yin èkejì, ibì kan náà. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ọmọ náà ní, “Bàbá, ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ àwọn ìyá ni.” Mo ní kó fara balẹ̀. Ọwọ́ òsì kò ṣe àjèjì sí àwa Awo, òun la fi ń kí ara wa nílé Ògbóni, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá yà sí òsì ni àwọn ìyá tì. Mo ní kó fi katiríìjì kẹta sí i, kó di ojú òsì pátápátá, kó fi ọ̀tún nìkan wo kókó idẹ tó wà lẹ́nu ìbọn. Ó yìn ín. Ẹfun fọ́n ká lójú ẹní àárín.

Ó jókòó sílẹ̀ láàrin koríko. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ìyàwó mi ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì láti ìjẹta.”

Mo fagi lé ìbúra lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì mo mú ọmọ náà lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ojú nílé ìwòsàn, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn ni. Ó wo ojú méjèèjì, ó ní wọ́n ríran dáadáa. Ó wá ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pàdé ara wọn kí ihò kékeré kan ṣẹ́ kù láàrin wọn, kó la ojú méjèèjì, kó sì fi ihò náà wo aago ara ògiri. Ó ní, “Ẹ máa fa ọwọ́ yín bọ̀ díẹ̀díẹ̀ wá síwájú ojú yín, ẹ má jẹ́ kí aago bọ́ mọ́ yín lójú.” Ọwọ́ náà rọra ń bọ̀, ó sì balẹ̀ sórí ojú òsì rẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ojú òsì náà ni. Èmi náà ṣe é, ọ̀tún ni tèmi.

Nọ́ọ̀sì náà là á yé wa. Ó ní bí a ti ní ọwọ́ tó lágbára ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ní ojú kan tó jẹ́ ọ̀gá. Bí ojú méjèèjì bá là, tí a fẹ́ na nǹkan sí ibì kan gan-an, ojú ọ̀gá ni ọpọlọ ń gbà gbọ́. Ó ní bí ènìyàn mẹ́ta bá péjọ, kò ní ṣòro kí á rí ẹnì kan tí ojú òsì jẹ́ ọ̀gá fún, bẹ́ẹ̀ àwọn alọ́wọ́ òsì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà tí ọwọ́ ọ̀tún wọn lágbára, tí ojú òsì wọn sì jẹ́ ọ̀gá. Kò dí wọn lọ́wọ́ láti jẹun, láti kàwé, láti gun ọ̀kadà. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìbọn ni ọwọ́ àti ojú máa ń jà. Ó tún fi ìkìlọ̀ kan sí i: bí ojú àgbàlagbà kan bá ń ṣe ọ̀gá tẹ́lẹ̀, tó wá ṣàdédé fi í sílẹ̀ fún èkejì, kó tètè wá sílé ìwòsàn, nítorí ohun bíi ojú dídí lè wà nídìí ìyẹn.

Mo padà sílé, mo mú ìwé àti bírò. Ìṣirò onígun mẹ́ta tí wọ́n fi bí wa nínú nílé ẹ̀kọ́ girama wá wúlò fún mi lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Ojú ọ̀tún ló wà lẹ́yìn ọ̀pá ìbọn. Ojú òsì wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sí ẹ̀gbẹ́. Kókó idẹ wà ní nǹkan bíi mítà kan síwájú ojú. Bí ojú òsì bá gba iṣẹ́, òun ni yóò fi kókó náà lé ara ẹran. Láti lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yóò ti ẹnu ìbọn sí òsì, láìmọ̀. Gbogbo mítà kan tí ọta bá rìn kọjá kókó, yóò fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 yà sí òsì. Ní mítà 22, ìyẹn ti lé ní mítà kan àti ààbọ̀ ìdajì rẹ̀. Ẹní apá òsì gan-an nìyẹn. Ní mítà 5, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24 lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ba èyí tó bá súnmọ́ ọn. Mo wo ìwé náà títí. Ohun tí à bá fi lé obìnrin kúrò nílé, sẹ̀ǹtímítà 6 ni.

Ẹnì kan lè ní, “Bàbá, ó ti tán nìyẹn, kó máa di ojú òsì.” Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà gbìyànjú ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní bí ẹran bá dúró jẹ́ẹ́, ó ń ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá yọ lójijì, ojú méjèèjì á là fúnra wọn, á sì tún yìn ín sí òsì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọdẹ tó di ojú kan nínú igbó ti sọ ìdajì igbó nù. Ejò lè wà ní apá ibẹ̀, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà lè wà níbẹ̀.

Ẹlòmíràn ní kó gbé ìbọn sí èjìká òsì. Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, èmi gan-an yóò fi í ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ti gan. Ẹni tó bá sì ń lo ṣakabùlà, kó ṣọ́ra: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ibi tí ẹ̀tù ti ń gbiná sábà máa ń wà. Bó bá gbé e sí èjìká òsì, ojú rẹ̀ ni iná àti èéfín yóò máa fẹ́ sí.

Ó wá ku ohun tí à ń fojú wọ̀n lórí ìbọn, èyí tí èmi yóò máa pè ní ojú ìbọn. Ìbọn bàbá rẹ̀ kò ní ju kókó idẹ kan lọ lẹ́nu. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn tí yóò sọ fún un pé ojú tó ń wò ó kọ́ ló yẹ kó wò ó. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ ọdẹ wa, ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ràn wá lọ́wọ́. Ó ní ìbọn afẹ́fẹ́ kan tí èèyàn lè pààrọ̀ ojú rẹ̀, ọta rẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí pé ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré. Òfin ìbọn ọdún 1959 kà á mọ́ èyí tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, bàbá náà sì ní tirẹ̀. A fi ọjọ́ mẹ́ta dán ojú ìbọn mẹ́rin wò.

Èkíní ni èyí tó ní irin pẹlẹbẹ lẹ́yìn, tí irin náà là ní àárín bí ìdí ọfà, tí kókó sì wà níwájú. Ojú gbọ́dọ̀ kó nǹkan mẹ́ta jọ sójú ìlà kan: ẹ̀là, kókó, àti ohun tí à ń yìn. Ó sàn ju kókó nìkan lọ, nítorí pé bí ojú òsì bá fẹ́ gba iṣẹ́, ẹ̀là àti kókó kò ní bára mu. Ṣùgbọ́n bí ojú méjèèjì bá là, ọmọ náà ń rí kókó méjì, ó sì ń ṣàṣàyàn. Ní ọ̀sán gangan, ó dára. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó ṣì í yàn.

Èkejì ni awò tó ń fa ohun jíjìn mọ́ni, èyí tó ní àmì àgbélébùú nínú. Ojú ọ̀tún nìkan ló ń rí àmì yẹn, ojú òsì kò lè jí i gbé. Níbi ọta márùn-ún, márààrún bọ́ sójú ibi tí kò ju ẹnu ife lọ. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n bàbá ṣójà mi orí. Ó ní ẹni tó jókòó sí ahéré, tó gbé ìbọn lé nǹkan, tó ń dúró de ẹran, òun ni awò bá mu. Nínú igbó dídí, bí ọ̀yà bá dìde lẹ́sẹ̀ èèyàn, kí ojú tó rí i nínú ihò awò, ó ti wọlé. Ó ní ìbọn ẹlẹ́nu kan a máa tani sẹ́yìn gan-an, bí awò bá súnmọ́ ojú jù, yóò ya ìpéǹpéjú. Ó tún ní ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì máa ń ta síwá-sẹ́yìn, ó sì máa ń ba awò tí wọn kò ṣe fún un jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni gíláàsì kékeré kan tí àmì pupa ń tàn nínú rẹ̀ bí ojú iná. Ẹni tó ń lò ó á la ojú méjèèjì, ojú tó wà lẹ́yìn gíláàsì nìkan ló ń rí àmì pupa, ojú kejì ń rí igbó. Èyí wù mí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọmọ náà pariwo pé àmì ti kú. Bàbá wò ó, àmì ń tàn. Ojú ọ̀gá ló ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀, kò jẹ́ kó rí ohun tí ojú ọ̀tún ń rí mọ́. Mo wá rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wa nígbà tá a fẹ́ máa lọ: kó wọ gíláàsì ojú funfun, kó lẹ téèpù tó ṣú díẹ̀, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, mọ́ gíláàsì òsì, síbi tí ojú yẹn ń gbà wo ẹnu ìbọn. Kò ní dí ojú náà pátápátá, yóò ṣì máa rí ẹ̀gbẹ́ àti ilẹ̀, ṣùgbọ́n kókó yóò dì bàìbàì mọ́ ọn lójú. Ó lẹ̀ ẹ́. Àmì pupa padà wá. Bàbá ní àwọn tó ń figagbága ìbọn yíyìn níbi Òlíḿpíìkì náà máa ń fi pátákó kékeré dí iwájú ojú tí wọn kò lò. Ohun tó dí èyí lọ́wọ́ ni bátìrì. Ọmọ náà ní òun kò fẹ́ ojú tó lè kú nínú igbó.

Ẹ̀kẹrin ni òrùka. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni ojú ìbọn FN tí wọ́n lò lẹ́nu iṣẹ́ ológun ṣe rí. Irin tó ní ihò ló wà lẹ́yìn, kókó wà níwájú. Ó ní, “Má wo òrùka o. Wo kókó láti inú rẹ̀. Ojú yóò wá àárín ihò fúnra rẹ̀.” Òótọ́ ni. Ojú ọ̀tún nìkan ló wà lẹ́yìn òrùka, nítorí náà kókó tó bá wà nínú òrùka ni kókó òdodo. Èyí tó bá wà lóde òrùka, irọ́ ojú òsì ni. Ihò tó tóbi la yàn, nítorí ihò tó bá kéré máa ń ṣú bí ilẹ̀ bá ń ṣú.

A gbé ìbọn bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ atúnbọnṣe tó ní ìwé àṣẹ. Ó ní òun kò ní lu ọ̀pá ìbọn ní ihò láéláé, nítorí ọ̀pá tí wọ́n bá lu lè fọ́ mọ́ni lójú. Orí ìdí irin, lẹ́yìn ibi tí ọ̀pá ti parí, ló de òrùka náà mọ́. Mo bọ Ògún fún un kó tó padà sí oko. A tún na ẹní mẹ́ta. Pẹ̀lú òrùka lórí ìbọn àti téèpù lójú òsì, ọta àkọ́kọ́ bọ́ sí ẹní àárín, ṣùgbọ́n ó ṣì yà sí òsì díẹ̀. Bàbá ṣójà ní ibi tí a bá fẹ́ kí ọta lọ ni kí á ti òrùka ẹ̀yìn sí. Ó tì í sí ọ̀tún díẹ̀. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e bo ẹfun mọ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé ó ti di ọdẹ tí kì í tàsé o. Ó ṣì ń tàsé, bí gbogbo ọdẹ. Ṣùgbọ́n ó ń tàsé sókè, ó ń tàsé sí ọ̀tún, ó ń tàsé nítorí pé ó kánjú. Àṣìṣe tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìyàwó rẹ̀.

Mo pe ẹbí jọ. Mo ṣe ìdánwò àtẹ́lẹwọ́ fún gbogbo wọn, títí kan ìyá ọmọ náà. Ojú òsì ni ọ̀gá fún òun náà! Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí ìyàwó ọmọ wa, mo ní, “Ẹ má bínú. Èmi ni mo dá ọjọ́ yẹn.” Ẹ mọ̀ pé n kì í pe ọmọ ọmọdé bẹ́ẹ̀ ní “ẹ”. Lọ́jọ́ yẹn, mo pè é bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́. Ó ti bímọ báyìí, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ fún un láàárọ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé báàgì tó di aṣọ sí yẹn, ó lé lóṣù méjì kó tó tú u.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyí. Kí ọmọ yín tó gbé ìbọn, ẹ ṣe ìdánwò àtẹ́lẹwọ́ fún un nílé, láìsí ìbọn nítòsí. Bí ojú àti ọwọ́ kò bá bára mu, tó sì jẹ́ ọmọdé, ẹ kọ́ ọ ní èjìká tó bá ojú mu. Bó bá ti dàgbà, ẹ lẹ téèpù, kẹ́ ẹ sì yan ojú ìbọn tí ojú ọ̀gá kò lè jí gbé: awò fún ẹni tó ń jókòó dúró, òrùka tàbí àmì pupa fún ẹni tó ń rìn. Ìbọn tó dára fún bàbá lè má dára fún ọmọ, nítorí ojú tí bàbá mú bọ̀ láti òde ọ̀run kọ́ ni ọmọ mú bọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi Awo, èyí tó kù tiwa ni. N ò sọ pé kí á má ṣe ẹbọ. A rú ẹbọ, ẹbọ sì fín, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí Ifá sọ ló gba ẹnu aránṣọ kan padà wá bá mi láàárọ̀ kùtù. Ṣùgbọ́n bí Ifá bá ní kí á wo ènìyàn, ẹ jẹ́ ká wò ó ní tòótọ́, ká na ẹní, ká ka ìṣísẹ̀, ká bi ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn léèrè ohun tó rí, kí á tó mú irin sọ́wọ́. Irin Ògún kì í ṣe ohun tí à ń gbé fún aláìṣẹ̀ nítorí pé a kò tíì wo nǹkan tán.

Kí Ògún má jẹ̀ẹ́ ká fi irin ṣèṣe. Kí Ifá má jẹ̀ẹ́ kí ojú wa fọ́ sí òtítọ́. Àbọrú, àbọyè.